Black Maidens: Bí àwọn ọmọdébìnrin Ghana ṣe lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, àti bí ilẹ̀kùn náà ṣe tì

Ní Dansoman, àdúgbò ńlá kan ní ìwọ̀-oòrùn Accra tó jẹ́ olú-ìlú Ghana, pápá ìṣeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Carl Reindorf Park. Kì í ṣe pápá tó tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn bọ́ọ̀lù Ghana kì í gba ibẹ̀ kọjá láì yíjú wò ó. Ibẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liberty Professionals, tí olóògbé Sly Tetteh dá sílẹ̀ lọ́dún 1996. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Michael Essien ti lọ sí Bastia ní ilẹ̀ Faransé, kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká ní Chelsea. Sulley Muntari àti Asamoah Gyan náà gba ẹgbẹ́ yìí kọjá kí wọ́n tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Àjọ tó ń kọ́ ilé fún ìjọba Ghana, State Housing Corporation, ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tó wà ní Dansoman, pàápàá láàárín ọdún 1970 sí 1979. Títí di òní, àwọn ará Accra máa ń fọ́nnu pé kò sí ọgbà ilé ìjọba tó tó o ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ girama wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi: Ebenezer, Wesley Grammar, St. Margaret Mary. Ibi tí ọmọ iléèwé bá sì pọ̀ sí, bọ́ọ̀lù kò ní wọ́n níbẹ̀.

Ọmọkùnrin tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín gọ́tà méjì ní Dansoman lè na ìka sí pápá Liberty, kó ní "ibẹ̀ yẹn ni Essien ti bẹ̀rẹ̀." Ọ̀nà tirẹ̀ hàn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni díẹ̀ ló ń rìn ín dópin. Kí ni ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè na ìka sí?

Láti ọdún 2008 ni ìdáhùn ti wà, ìyẹn Black Maidens, ikọ̀ àwọn ọmọbìnrin Ghana tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ. Láàárín ọdún 2008 sí 2018, ìgbà mẹ́fà ni àjọ FIFA ṣe Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún àwọn ọmọbìnrin ọjọ́ orí yìí. Ghana lọ sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà pàápàá kò ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn tì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe tì, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀kùn tó jẹ́.

Ìdíje tí kò ní ife

Nínú bọ́ọ̀lù àwọn àgbà obìnrin, ife ilẹ̀ Áfíríkà wà tí wọ́n ń pè ní WAFCON. Àwọn ọmọkùnrin tí kò ju ọdún 17 lọ náà ní ife tiwọn ní Áfíríkà, níbi tí àwọn ikọ̀ ti máa ń pàdé ní orílẹ̀-èdè kan, tí wọ́n á pín sí ìsọ̀rí, tí ẹni tí wọ́n bá nà lónìí á tún ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mìíràn lọ́tùn-únla.

Ti àwọn ọmọbìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí à ń sọ yìí, àjọ CAF kò ní ife kankan fún wọn ní ọjọ́ orí yìí. Ohun tó wà ni pé kí orílẹ̀-èdè méjì kojú ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lóde. Ẹni tó bá borí á bọ́ sí ìpele tó kàn, ẹni tí wọ́n bá lé á padà sí iléèwé. Àwọn tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìpele tó kẹ́yìn ni yóò lọ sí Ife Àgbáyé. Kò sí àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń gbé lé wọn lọ́rùn, kò sí ife tí wọ́n ń gbé sókè. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni ife ọ̀hún.

Tíkẹ́ẹ̀tì yìí kò sì pọ̀. Ní ọdún 2008, méjì péré ni ti Áfíríkà láàárín ikọ̀ 16. Láti 2010 lọ, ó di mẹ́ta, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 2024. Gbogbo Áfíríkà, ikọ̀ mẹ́ta.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le jù ni ọjọ́ orí. Àgbà agbábọ́ọ̀lù tí kò bá rí Ife Àgbáyé lọ ní ọdún mẹ́rin yìí lè tún gbìyànjú ní ọdún mẹ́rin mìíràn. Ọmọ ọdún 16 kò ní irú àǹfààní yẹn. Bí ìdíje tó tọ́ sí i bá kọjá, ó kọjá nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ìṣẹ́jú 180 ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láti fi hàn pé àwọn mọ bọ́ọ̀lù í gbá.

Èyí ló fà á tí lílọ Ghana lẹ́ẹ̀mẹfà fi jẹ́ nǹkan bàbàrà. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló máa ń forúkọ sílẹ̀ tí wọ́n á tún fà sẹ́yìn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ wọ́n wọn, tàbí kí wọ́n má ní ikọ̀ rárá. Ghana ní ikọ̀, ó sì ń kó wọn jáde lọ́dọọdún tó bá kan ìdíje náà.

Ọdún tí àwọn ìyá kúrò, àwọn ọmọ wọlé

Bọ́ọ̀lù obìnrin Ghana kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ní oṣù Kejì ọdún 1991, Black Queens, ikọ̀ àwọn àgbà obìnrin, wá sí Èkó láti du àǹfààní àtilọ sí Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ fún obìnrin tó wáyé ní China. Nàìjíríà nà wọ́n 5-1. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni Áfíríkà ní nígbà náà, Nàìjíríà ló sì gbé e lọ.

Wọn kò jókòó sórí ìjákulẹ̀ yẹn. Ní 1999, Ghana àti Nàìjíríà jọ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 2003, wọ́n tún jọ lọ, ọdún yẹn gan-an sì ni Adjoa Bayor gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dáńtọ́ jù ní Áfíríkà. Ní 2007, Black Queens lọ sí China.

Láti ìgbà náà, wọn ò tíì lọ mọ́. Ife Àgbáyé 2011, 2015, 2019 àti 2023 ló ti kọjá láìsí Ghana níbẹ̀.

Ọdún kan péré lẹ́yìn ìrìn àjò China yẹn ni FIFA dá ìdíje àwọn ọmọbìnrin tí kò ju 17 lọ sílẹ̀ ní New Zealand. Ọdún tí àwọn àgbà dákẹ́ ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Wọn kò tètè rọ́wọ́ mú. Ní New Zealand, ìsọ̀rí tí wọ́n bọ́ sí ní Jámánì àti Àríwá Kòríà nínú, àwọn Àríwá Kòríà yìí ló sì gba ife náà níkẹyìn. Ghana kò kọjá ìpele ìsọ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Trinidad àti Tobago lọ́dún 2010.

Baku, ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2012

Ní 2012, orílẹ̀-èdè Azerbaijan ló gbàlejò. Ghana, Nàìjíríà àti Gambia ni Áfíríkà rán lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Gambia kan jẹ́ ká mọ bí àlàfo tó wà láàárín Áfíríkà àti àwọn mìíràn ṣe lè fẹ̀ tó, nítorí ayò 11-0 ni Àríwá Kòríà fi nà wọ́n. Pípegedé jẹ́ nǹkan kan, bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn.

Mas-Ud Didi Dramani ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Black Maidens nígbà náà. Ikọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìsọ̀rí, wọ́n sì bá Japan pàdé ní ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kù. Japan ló ṣe ipò kejì ní 2010, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rò pé àwọn ọmọ Ghana lè dá wọn dúró. Jane Ayieyam gbá bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n, ó tó. Ghana 1, Japan 0.

Ilẹ̀ Faransé dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá pẹ̀lú ayò 2-0. Faransé kan náà ti fi pẹnáritì lé Nàìjíríà lọ sílé ní ìpele tó ṣáájú, òun náà ló sì gba ife níkẹyìn. Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ipò kẹta láàárín Ghana àti Jámánì ní Baku.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ipò kẹta jẹ́ èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá máa ń gbá bí ẹni tó ń san gbèsè. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Ghana. Jane Ayieyam tún ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọbìnrin Ghana gba àmì ẹ̀yẹ bàbà, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Áfíríkà nínú Ife Àgbáyé ọjọ́ orí yìí.

Ó gba ọdún mẹ́wàá kí irú rẹ̀ tó tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ní India, Flamingos ti Nàìjíríà, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Bankole Olowookere, ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Jámánì kan náà, wọ́n sì borí nínú pẹnáritì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Áfíríkà ti gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìdíje yìí títí di 2025. Méjèèjì ni bàbà, méjèèjì sì ni wọ́n gbà mọ́ Jámánì lọ́wọ́.

Wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ

Bí ìtàn Black Maidens bá ní ọ̀tá kan, kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Pẹnáritì ni, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ.

Ní Costa Rica lọ́dún 2014, Ghana dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kù, wọ́n ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Italy. Pẹnáritì lé wọn lọ.

Ní Jordan lọ́dún 2016, wọ́n na Amẹ́ríkà 2-1 ní ìpele ìsọ̀rí, Amẹ́ríkà sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àríwá Kòríà, tó gba ife náà, ló fi 2-1 dá Ghana dúró ní ìpele ikọ̀ mẹ́jọ.

Ní Uruguay lọ́dún 2018 ni ọ̀rọ̀ dun ni jù. Lábẹ́ Evans Adotey, Ghana fi 5-0 na orílẹ̀-èdè tó gbàlejò nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Mukarama Abdulai, balógun ikọ̀ náà tó wá láti ẹgbẹ́ Northern Ladies ní àríwá Ghana, gbá mẹ́ta sáwọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Góòlù méje ló gbá nínú gbogbo ìdíje náà, kò sí ẹni tó gbá tó o, òun ló sì gba bàtà wúrà. Síbẹ̀, Mexico ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú wọn ní ìpele ikọ̀ mẹ́jọ, pẹnáritì sì tún ṣe ohun tó ṣe ní Costa Rica.

Nàìjíríà kò sí ní Uruguay rárá. Cameroon ti dènà Flamingos nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ghana nìkan ló kù nínú àwọn tó ti ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù ní Accra nígbà náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ìpegedé ti di ti ilé baba wọn.

Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2004

Oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ló yẹ kí India gba àwọn ikọ̀ lálejò. Àrùn Kofi-19 dé. FIFA sún ìdíje náà sí oṣù Kejì ọdún 2021, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ó kéde pé kò ní wáyé mọ́. India ni yóò gba ti 2022 dípò.

Fún India, ó jẹ́ ìdádúró ọdún méjì. Fún àwọn ọmọ kan, kò sí ìdádúró nínú rẹ̀, òpin ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdíje 2018 wà fún ọmọ tí wọ́n bí láàárín 2001 sí 2003. Ìdíje 2022 wà fún ọmọ tí wọ́n bí láàárín 2005 sí 2007. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2004 kéré jù fún èkínní, ó sì ti dàgbà jù fún èkejì. Ti 2020 nìkan ló tọ́ sí i, òun sì ni wọ́n fagi lé. Kò sí ọmọbìnrin kan ní gbogbo ayé tí wọ́n bí ní 2004 tó gbá Ife Àgbáyé ọmọ ọdún 17, ì báà jẹ́ ọmọ Dansoman, ọmọ Ìkòròdú tàbí ọmọ Tokyo.

Ọmọ Tokyo, ó ní líìgì àti ẹgbẹ́ ńlá tó máa ń wá ẹ̀bùn kiri fúnra wọn. Ti ọmọ Accra yàtọ̀. Ibùdó ìgbaradì àjọ eré bọ́ọ̀lù Ghana wà ní Prampram, ìlú etí òkun kan ní ìlà-oòrùn Accra, òdìkejì Dansoman pátápátá. Ọmọ tí wọ́n bá pè síbẹ̀ máa ń fi iléèwé sílẹ̀, nígbà mìíràn ní àkókò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra ìdánwò. Òbí tó gbà kí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ ti ta ayò kan: bí ìpegedé bá bọ́ sí i, ayé á rí i. Bí kò bá bọ́ sí i, ìwé tó fi sílẹ̀ ṣì ń dúró dè é.

Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ 2004 ṣì ní ibì kan láti lọ. Black Princesses, ikọ̀ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ, ti lọ sí gbogbo Ife Àgbáyé tiwọn láti 2010 dé 2024, ìgbà méje lápapọ̀. Àmọ́ wọn kò kọjá ìpele ìsọ̀rí rí nínú ìgbà méjèèje. Àwọn kan lára ọmọ tó dá Japan àti Amẹ́ríkà dúró ní ọdún 16 máa ń padà wá sílé lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ní ọdún 19. Nǹkan kan máa ń sọnù láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, a ò sì lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ọmọ náà.

Rabat

Nígbà tí ìpegedé fún India 2022 dé ìpele tó kẹ́yìn, Morocco ni Ghana bá pàdé. Morocco kò tíì lọ sí Ife Àgbáyé yìí rí. Ghana fi 2-0 nà wọ́n ní ilé. Pẹ̀lú ìtàn tó wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ìwọ̀nba ènìyàn ló rò pé iṣẹ́ ṣì kù.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì wáyé ní Morocco. Morocco náà gbá méjì sáwọ̀n. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2-2, iye kan náà tí wọ́n ta pẹ̀lú Italy, iye kan náà tí wọ́n ta pẹ̀lú Mexico. Ó tún di wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ. Morocco ló lọ sí India.

Ó yẹ ká sọ pé Morocco kò ṣèèṣì rí i gbà. Ìjọba àti àjọ eré bọ́ọ̀lù wọn ti ń náwó sí bọ́ọ̀lù obìnrin, wọ́n ní líìgì tí wọ́n ń sanwó fún, wọ́n sì ní ibùdó ìgbaradì tó gbayì lẹ́bàá Rabat. Tanzania náà kọ́kọ́ débẹ̀ ní 2022, wọ́n sì na Faransé 2-1. Ní 2024, Kenya lọ sí Dominican Republic, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Kenya àkọ́kọ́ tí yóò gbá Ife Àgbáyé kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìgbà tí Ghana ń pegedé lẹ́ẹ̀mẹfà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò tíì jí. Nígbà tí wọ́n jí, ilẹ̀kùn mẹ́ta náà kò fẹ̀ sí i.

Ghana kò sí ní Dominican Republic. Nàìjíríà, Zambia àti Kenya ló lọ.

Wọ́n fẹ ilẹ̀kùn

Ní 2025, FIFA yí gbogbo ètò padà. Ìdíje tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì di ọdọọdún, ikọ̀ 16 di 24, Morocco sì ni yóò gbàlejò rẹ̀ fún ọdún márùn-ún léraléra, láti 2025 dé 2029. Nínú gbogbo àyípadà tó ti bá ìdíje yìí, èyí ló sún mọ́ ìṣòro gidi jù: ọmọ tí kò bá rí tọdún yìí lọ lè rí tọdún tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ 2004 kò sì ní tètè tún ṣẹlẹ̀.

Nǹkan tún ń ṣẹnuure fún Ghana níbòmíràn. Black Princesses fi 2-1 na Nàìjíríà, wọ́n gba góòlù nínú ìdíje All African Games tí Ghana gbàlejò ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Black Queens gba ipò kẹta nínú WAFCON tó wáyé ní Morocco ní oṣù Keje ọdún 2025.

Ikọ̀ márùn-ún ló ṣojú Áfíríkà nínú Ife Àgbáyé ọmọ ọdún 17 àkọ́kọ́ ti ètò tuntun náà: Morocco, Nàìjíríà, Cameroon, Zambia àti Côte d'Ivoire tó múlé gbe Ghana. Black Maidens kò sí níbẹ̀.

Ọmọ tó dàgbà jù tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje ọdún yẹn ni èyí tí wọ́n bí ní 2008, ọdún tí àwọn ọmọbìnrin Ghana kọ́kọ́ wọkọ̀ òfurufú lọ sí New Zealand. Fún ti 2026, ọmọ tí wọ́n bí ní 2009 ló kàn.